Bí Ẹ Bá Ń Tajà Láwìn ní Amẹ́ríkà: Òfin Wo Ló Mú Yín, Ètò Wo Ló sì Tó Yín?

Gbèsè tí olè bá fi orúkọ ẹlòmíràn jẹ, ẹni tó tajà láwìn ló sábà máa ń gbé e. Ẹni tí wọ́n jí orúkọ rẹ̀ lò á jà fitafita kí wọ́n tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú gbèsè náà, ṣùgbọ́n bó bá ti fi ẹ̀rí hàn pé òun kọ́, kò sí ẹni tó máa gba owó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọjà ti lọ, olè ti lọ, ìwé nìkan ló kù lọ́wọ́ ọlọ́jà. Nítorí irú èyí ni ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe ṣe òfin FACTA lọ́dún 2003, tí FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, àti àwọn àjọ tó ń bójú tó báǹkì sì gbé Red Flags Rule jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2007. Ohun tí ìlànà náà ń béèrè ni pé kí ẹni tó ń fúnni láwìn ní ètò kan tó wà lákọsílẹ̀, tí yóò fi máa dá àmì ewu mọ̀ kí olè tó gbé ọjà jáde.

Bó bá jẹ́ ẹnu ẹni tó fẹ́ ta sọ́fíwíà fún yín lẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti sọ fún yín pé gbogbo ìsọ̀ ni òfin náà mú, àti pé ìwé ńlá kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ rà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin fúnra rẹ̀ ló sọ pé kí ètò náà bá bí òwò yín ṣe tóbi tó mu, kó sì bá irú òwò tí ẹ ń ṣe mu. Àwọn ènìyàn wa tó ń tajà ní Houston, Atlanta, Chicago àti Maryland ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń to àwọn nǹkan wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí oníkálukú lè mú èyí tó tọ́ sí i.

Ṣé òfin náà tiẹ̀ mú yín?

Nígbà tí ìlànà yìí kọ́kọ́ jáde, ẹni tí wọ́n kà sí afúnniláwìn pọ̀ débi pé dókítà tó ní kí aláìsàn máa lọ ilé, kó san owó tó bá yá, wà lára wọn. Lọ́yà tó parí iṣẹ́ kó tó béèrè owó náà wà lára wọn. Ariwo ta. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà gbé FTC lọ sí kóòtù. FTC sún ọjọ́ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ènìyàn kúrò ní oṣù kọkànlá 2008, ó tún sún un, ó tún sún un, títí ọdún 2010 fi ń parí lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún yẹn, Ààrẹ Obama fọwọ́ sí Red Flag Program Clarification Act, òfin tó dín àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn kù.

Láti ìgbà náà, kí òfin tó mú ẹni tó ń tajà láwìn, ó gbọ́dọ̀ máa ṣe ọ̀kan ó kéré tán nínú nǹkan mẹ́ta déédéé lẹ́nu òwò rẹ̀. Àkọ́kọ́, kó máa gba ìròyìn krẹ́díìtì oníbàárà, ìyẹn àkọsílẹ̀ bó ṣe ń san gbèsè, kó tó pinnu bóyá òun á fún un láwìn. Èkejì, kó máa fi bí oníbàárà ṣe ń san gbèsè ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ krẹ́díìtì bíi Equifax, Experian, TransUnion tàbí irú wọn. Ẹ̀kẹta, kó máa yá ènìyàn lówó, tàbí kó máa bá ènìyàn san owó síbòmíràn tí onítọ̀hún yóò dá padà. Owó tí ẹ bá ná nítorí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún oníbàárà, bíi lọ́yà tó bá a san owó ìwé ní kóòtù, kò sí nínú ẹ̀kẹta yìí.

Ẹ wò ó báyìí. Màmá kan ń ta gààrí, ẹ̀gúsí àti pánla, ó sì ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ àwọn tó mọ̀ sí, tí wọ́n á san lópin oṣù. Kò yẹ krẹ́díìtì ẹnikẹ́ni wò, kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ síbì kankan, kò yá ẹnikẹ́ni lówó. Red Flags Rule kò mú un. Pé ó ní ẹ̀rọ tó ń gba káàdì krẹ́díìtì kò yí èyí padà, torí báǹkì tó fún oníbàárà ní káàdì ló ń fún un láwìn.

Dílà ọkọ̀ tókúńbọ̀ tó wà ní òdìkejì títì ńkọ́? Ó ń yọ ìròyìn krẹ́díìtì kó tó gbà kí ènìyàn máa san díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Òfin mú un, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ilé ìtọ́jú eyín tó ń gbà kí aláìsàn pín owó sí oṣù mẹ́fà wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí kò bá yẹ krẹ́díìtì wò, tí kò sì fi ìsanwó ránṣẹ́ sáwọn Equifax, ó bọ́. Bó bá ń ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì déédéé, kò bọ́. Ọ̀rọ̀ "déédéé" yẹn ṣe kókó: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ yẹ krẹ́díìtì ẹnì kan wò kọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ìbéèrè kejì tó tẹ̀lé e ni bóyá irú àkáǹtì tí ẹ ń ṣí wà lára èyí tí òfin ń ṣọ́. Irú méjì ni. Ọ̀kan ni àkáǹtì tí ènìyàn ṣí fún ara rẹ̀, ìdílé rẹ̀ tàbí ilé rẹ̀, tí yóò máa san owó sí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ẹ̀yáwó ọkọ̀, ẹ̀yáwó ilé, káàdì krẹ́díìtì, fóònù olóṣooṣù, iná. Ìkejì ni àkáǹtì mìíràn yòówù tí ewu olè orúkọ bá hàn gbangba níbẹ̀, àpẹẹrẹ ni àkáǹtì ẹni tó ń dá òwò kékeré ṣe. Ìkejì yìí ni àwọn tó ń tajà osùnwọ̀n fún àwọn ìsọ̀ kéékèèké máa ń fojú fò. Wọ́n rò pé nítorí pé ìsọ̀ ló ń ra ọjà, kì í ṣe ènìyàn, ọ̀rọ̀ olè orúkọ kò kàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń dá òwò ṣe, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà Social Security rẹ̀ (nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń dá oníkálukú mọ̀) ni òwò náà dúró lé. Bí ẹ bá wà lábẹ́ òfin, tí ẹ ò sì ní àkáǹtì irú èyíkéyìí nínú méjèèjì lónìí, ẹ kò nílò ètò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà dé ìgbà, torí òwò a máa yí padà.

Red Flags àti Safeguards: ẹ má pò wọ́n pọ̀

Àwọn tó ń ta ètò ààbò máa ń dárúkọ òfin méjèèjì yìí pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Red Flags ń ṣọ́ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, Safeguards ń ṣọ́ àpótí tó wà nínú yàrá. Ẹni tí ọ̀kan mú lè bọ́ lọ́wọ́ èkejì.

| | Red Flags Rule | Safeguards Rule |
|---|---|---|
| Kí ló ń dènà? | Kí ẹnì kan má fi orúkọ ẹlòmíràn ṣí àkáǹtì tàbí lo èyí tó ti wà | Kí ẹnikẹ́ni má jí àkọsílẹ̀ oníbàárà tó wà lọ́wọ́ yín |
| Ta ló mú? | Báǹkì, àti afúnniláwìn tó ń ṣe ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta tí mo kà sókè | Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ owó lábẹ́ FTC: dílà tó ń ta ọkọ̀ láwìn, ayánilówó, ẹni tó ń bá ènìyàn ṣe ìwé owó-orí, afowóránṣẹ́ |
| Ta ló ń darí rẹ̀? | Ìgbìmọ̀ olùdarí ló ń fọwọ́ sí ètò. Bí kò bá sí ìgbìmọ̀, ọ̀gá àgbà | Ẹnì kan pàtó tó mọ iṣẹ́ ààbò àkọsílẹ̀, tí ẹ yàn sípò |
| Ìrọ̀rùn fún òwò kékeré | Ètò lè kúrú bí ewu kò bá pọ̀ | Bí àwọn tí àkọsílẹ̀ wọn wà lọ́wọ́ yín kò bá tó 5,000, díẹ̀ nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ kò kàn yín |
| Bí ìṣòro bá ṣẹlẹ̀ | Ẹ gbé ìgbésẹ̀ tó bá àmì náà mu | Bí àkọsílẹ̀ ènìyàn 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá bọ́ síta láìfi kóòdù bò ó, ẹ sọ fún FTC láàárín ọjọ́ 30 |

Safeguards ló ń ná ènìyàn lówó jù. Láti ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni apá tuntun rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí ẹ fi kóòdù bo àkọsílẹ̀ oníbàárà, kí òṣìṣẹ́ máa lo ẹ̀rí méjì, kì í ṣe pásíwọ̀ọ̀dù nìkan, kó tó wọ ibi tí àkọsílẹ̀ náà wà, kí ẹ sì da àkọsílẹ̀ tí ẹ ò lò mọ́ nù láàárín ọdún méjì, àfi bí òfin tàbí iṣẹ́ bá ní kí ẹ pa á mọ́. Nínú ìlànà kan náà, wọ́n sọ ọ́ ní tààrà pé ọlọ́jà tó kàn ń kọ gbèsè oníbàárà sílẹ̀ kì í ṣe ilé-iṣẹ́ owó. Màmá onígààrí tún bọ́ níbẹ̀. Dílà ọkọ̀ kò bọ́ nínú ọ̀kankan.

Òfin kẹta kéré, ṣùgbọ́n ó ń mú àwọn tí méjì àkọ́kọ́ kò mú: Disposal Rule, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2005. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ìròyìn krẹ́díìtì ènìyàn fún òwò, títí kan onílé tó yẹ krẹ́díìtì ayálégbé wò, gbọ́dọ̀ ba ìwé náà jẹ́ kó tó dà á nù: kó jó o, kó gé e wẹ́wẹ́, kó má ṣe é kà mọ́. Ẹ̀rọ tó ń gé ìwé kò wọ́n. Ẹ rà á.

Ètò tí ẹ kọ fúnra yín àti èyí tí ẹ rà

Iṣẹ́ mẹ́rin ni ètò Red Flags ní láti ṣe. Kó sọ àwọn àmì ewu tó bá òwò yín mu. Kó sọ bí òṣìṣẹ́ ṣe máa rí wọn. Kó sọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí wọ́n bá rí wọn. Kó sì sọ ìgbà tí ẹ máa tún un wò. Ìlànà náà fún wa ní àmì 26 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, lábẹ́ orí márùn-ún: ìkìlọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ krẹ́díìtì, ìwé tó mú ìfura dání, àlàyé ara ẹni tí kò bára mu, bí wọ́n ṣe ń lo àkáǹtì, àti ìròyìn láti ọ̀dọ̀ oníbàárà tàbí ọlọ́pàá. Àpẹẹrẹ ni wọ́n. Kò pọn dandan kí ẹ lo gbogbo wọn, kò sì yẹ kí ẹ fi wọ́n dá àwọn tiyín dúró.

Ètò tí ẹ rà máa ń wá pẹ̀lú gbogbo 26, pẹ̀lú ojú ewé tó pọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fún oníbàárà ní máàkì. Ó dára fún ilé-iṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù àwìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí níbẹ̀ kò sí ẹni tó ń wo ojú ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ nìkan ló lè rí i pé fọ́ọ̀mù ogún wá láti orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lálẹ́ ọjọ́ kan. Fún ìsọ̀ tí òṣìṣẹ́ mẹ́rin ń jókòó lójúkojú pẹ̀lú oníbàárà, mo lòdì sí i. Òṣìṣẹ́ kì í ka ìwé tó nípọn. Wọ́n á tò ó sórí pẹpẹ, eruku á bò ó, ọjọ́ tí àmì bá yọ kò sí ẹni tó máa rántí ojú ewé tó wà. Ojú ewé mẹ́ta tí ẹ̀yin àti òṣìṣẹ́ yín jókòó kọ, tó dárúkọ irú ìwé tí ẹ máa ń gbà níbí, tó sọ ẹni tí òṣìṣẹ́ máa pè bó bá fura, tó sì ní déètì àti ìfọwọ́sí ọ̀gá, sàn jù ú lọ. Òfin kò béèrè ju kó bá òwò yín mu.

Ibi tí ẹ ti máa rí ohun tí ẹ máa kọ síbẹ̀ ni ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí àti ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín. Dílà ọkọ̀ á kọ ti ẹni tó fẹ́ mú ọkọ̀ lọ lónìí ṣáá láìdúnàádúrà. Ilé ìwòsàn á kọ ti aláìsàn tí ohun tó wà nínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀ kò bá ara rẹ̀ mu, bíi kí ìwé sọ pé wọ́n ti yọ appendix rẹ̀, kó sì tún wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà wo lẹ máa fi mọ̀ pé òun ni?

Nílé, BVN ti wà láti ọdún 2014, NIN náà wà, ìka ọwọ́ ènìyàn àti àwòrán ojú rẹ̀ sì so mọ́ nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà Social Security kò ní ìkankan nínú wọn. Páálí tí wọ́n kọ ọ́ sí kò ní fọ́tò. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè kà á síta, kò sì sí ohun tó wà lára nọ́ńbà náà tó máa tú u fó. Ẹ má fi ojú tí ẹ fi ń wo BVN wò ó.

Yíyẹ ìwé wò lójúkojú ṣì lágbára bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà yọ láísẹ́ńsì kúrò nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gbà á sọ́wọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò ra ẹ̀bá rẹ̀ yí ká, bóyá ó ń ṣí níbì kan tàbí ó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wo bóyá irú lẹ́tà tó wà nínú ọjọ́ ìbí bá ti àdírẹ́sì dọ́gba. Ẹ ka gíga àti àwọ̀ ojú tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹ tó gbójú sókè wo ẹni tó dúró níwájú yín. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù tó kọ. Olè tó há àdírẹ́sì sórí máa ń ṣe nọ́ńbà ilé rẹ̀ léṣe tàbí kó gbàgbé nọ́ńbà ibùgbé tó tẹ̀lé e. Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Bíbéèrè ìbéèrè tí wọ́n fa yọ láti inú ìtàn krẹ́díìtì, bíi títì tó gbé rí tàbí báǹkì tó yá a lówó ilé, ti rẹ̀yìn gan-an. Ní ọdún 2017 wọ́n jí àkọsílẹ̀ ènìyàn bíi mílíọ̀nù 147 lọ́wọ́ Equifax, orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà Social. Olè lè mọ ìdáhùn ju ẹni tó ni orúkọ lọ. Bí òun nìkan bá ni ẹ ń lò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Kóòdù tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù rọrùn, ṣùgbọ́n ohun tó ń fi hàn ni pé fóònù náà wà lọ́wọ́ ẹni yẹn. Bó bá jẹ́ òun ló fún yín ní nọ́ńbà náà níṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn, kò fi nǹkan kan hàn yín. Nọ́ńbà tí ẹ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, tàbí èyí tó wà nínú ìròyìn krẹ́díìtì, ni kí ẹ pè.

Ẹ̀rọ eCBSV tí àjọ Social Security gbé jáde lọ́dún 2020 lágbára jù lọ: ó ń sọ bóyá orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà bá àkọsílẹ̀ ìjọba mu, lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti fọwọ́ sí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ owó àti àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ló wà fún, ìsọ̀ kékeré kò lè lọ gba a fúnra rẹ̀. Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀, tó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀: nọ́ńbà Social kì í fi 000, 666 tàbí 9 bẹ̀rẹ̀, méjì àárín kì í jẹ́ 00, mẹ́rin ìparí kì í jẹ́ 0000. Èyí tó fi 9 bẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ ITIN, nọ́ńbà owó-orí tí IRS, àjọ owó-orí Amẹ́ríkà, ń fúnni, tí ẹni tó mú un wá sì ṣèèṣì kọ ọ́ sí àyè Social. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó fura.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé

Ibí yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkùnrin ẹni ọdún 43 kan dé láti Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá. Nọ́ńbà Social rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan, káàdì krẹ́díìtì kan ṣoṣo ló ní, àdírẹ́sì rẹ̀ méjì ni, torí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé. Lójú ẹ̀rọ, ó jọ orúkọ tí olè hun pọ̀ láti inú nọ́ńbà ọmọdé àti orúkọ àròsọ: àgbàlagbà tí kò ní ìtàn. Olóòótọ́ ènìyàn sì ni.

Nínú àmì 26 náà, ọ̀kan sọ pé kí ẹ fura bí nọ́ńbà Social kò bá bá ọjọ́ ìbí mu. Láyé àtijọ́ ó ní ìtumọ̀, torí nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ìpínlẹ̀, ìyókù sì ń fi nǹkan bí ìgbà tí wọ́n gbé e jáde hàn. Ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2011 ni ìjọba dá ètò yẹn dúró, wọ́n ń fúnni ní nọ́ńbà láìtẹ̀lé ìpínlẹ̀ mọ́. Fún nọ́ńbà tí wọ́n fúnni lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, àmì náà kò sọ nǹkan kan nípa olè. Àwọn tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè ló ń kó sínú rẹ̀. Bí ètò tí ẹ rà bá ṣì gbára lé e, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe.

Orúkọ wa náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Olúwadámiláre lè jẹ́ Oluwadamilare lórí páálí Social, kó di Oluwadamilar lórí káàdì báǹkì nítorí pé àyè kò tó, kó sì jẹ́ Dare lórí ìwé iná. Ìyá kan lè máa jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ nínú páásípọ́ọ̀tù, kó máa jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ lórí láísẹ́ńsì. Ẹ kọ ọ́ sínú ètò yín pé ìyàtọ̀ lẹ́tà nìkan kì í ṣe àmì ewu bí ọjọ́ ìbí, fọ́tò àti àdírẹ́sì bá bára mu.

Ohun méjì lẹ lè ṣe fún irú oníbàárà yìí: kí ẹ kọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ béèrè ìwé kejì. Páásípọ́ọ̀tù pẹ̀lú físà, green card, ìwé àdéhùn ilé, ìwé owó oṣù láti ibi iṣẹ́, èyíkéyìí nínú wọn lè parí ọ̀rọ̀. Ẹ béèrè. Òfin ECOA, tó ń dènà ẹ̀tanú níbi àwìn, kò gbà kí ẹ fi ìlú tí ènìyàn ti wá du ú ní àwìn, bí ẹ bá sì kọ ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ 30 tó ti fi fọ́ọ̀mù tó pé sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kọ olóòótọ́ ènìyàn sílẹ̀ ń lé oníbàárà rere lọ sí ìsọ̀ mìíràn.

Fraud alert àti freeze

Bí ẹ bá yọ ìròyìn krẹ́díìtì, ẹ lè bá fraud alert níbẹ̀, ìyẹn ìkìlọ̀ pé olè lè máa lo orúkọ náà. Ti àkọ́kọ́ máa ń wà fún ọdún kan, ẹni tó bá rò pé wọ́n lè jí orúkọ òun lò lè béèrè rẹ̀. Èyí tó gùn máa ń wà fún ọdún méje, fún ẹni tí wọ́n ti jí tirẹ̀ lò tó sì ti fi ẹjọ́ sùn. Sójà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà lè gba ti ọdún kan. Alert kò ní kí ẹ má tajà, ohun tó ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ rí i dájú pé òun gan-an ni. Bí nọ́ńbà fóònù bá wà lórí èyí tó gùn, ẹ pe nọ́ńbà yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan, kódà bí ẹni tó dúró níwájú yín bá ń kánjú.

Freeze yàtọ̀. Ìròyìn kò ní jáde rárá. Láti ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ènìyàn láti fi sí i àti láti yọ ọ́. Bí oníbàárà bá béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lórí fóònù, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí i láàárín wákàtí kan. Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé freeze, ẹ ní kí ó ṣí i níbẹ̀ lórí fóònù rẹ̀. Ẹni tó ni orúkọ máa ń lè ṣe é. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, tó ní kí ẹ tà á láìyẹ krẹ́díìtì wò, ó ti fún yín ní àmì kejì.

Nígbà tí àmì bá yọ

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n rò pé ìdáhùn kan ṣoṣo ni "rárá". Ìlànà náà gbà kí ẹ máa ṣọ́ àkáǹtì náà, kí ẹ pe oníbàárà, kí ẹ pààrọ̀ pásíwọ̀ọ̀dù, kí ẹ ti àkáǹtì kan kí ẹ ṣí òmíràn, kí ẹ kọ̀ láti ṣí i, kí ẹ pe ọlọ́pàá, tàbí kí ẹ pinnu pé àmì náà kò tó nǹkan. Èyí tó kẹ́yìn yẹn gan-an ni kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú déètì àti orúkọ ẹni tó pinnu. Ìwé yẹn ló máa gbà yín bí FTC bá béèrè, torí owó ìtanràn fún ìrúfin kọ̀ọ̀kan ti lé ní $4,000.

Bí ẹni tí wọ́n jí orúkọ rẹ̀ lò bá wá bá yín, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òun àti olè ni. Bó bá fi ẹ̀rí ẹni tó jẹ́ hàn, tó sì mú ìwé ẹjọ́ tó sùn wá, ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní fọ́tòkọ́pì fọ́ọ̀mù tí olè kọ àti ìwé ìtajà náà láàárín ọjọ́ 30, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá sì ti sọ fún yín pé gbèsè kan jẹ́ ti olè orúkọ, ẹ kò gbọ́dọ̀ tà á fún agbowó-gbèsè. Ènìyàn tó wà nínú ìpọ́njú ni onítọ̀hún, inúure tí ẹ bá fi hàn án lọ́jọ́ yẹn kò ní ná yín ní nǹkan kan.

Ó ku àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́: ilé-iṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún yín, tó ń pe oníbàárà, tó ń gba gbèsè. Pé ẹ gbé iṣẹ́ náà fún wọn kò gbé òfin kúrò lórí yín. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọ́n máa ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rí àmì ewu, pé wọ́n á sọ fún yín tàbí kí wọ́n fúnra wọn gbé ìgbésẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ètò yín bá ń jábọ̀ fún ọ̀gá lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kó fi tiwọn kún un: àmì mélòó ni wọ́n rí, kí ni wọ́n ṣe sí i. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá lè fi ètò tirẹ̀ hàn yín nínú ìwé, ẹ má fi orúkọ oníbàárà yín lé e lọ́wọ́.